Wákàtí Márùn-ún Ààbọ̀ sí Hanga Roa

Ẹ dákẹ́ ariwo yẹn, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹni tó ń jẹran lọ́wọ́, kó jẹ ìyókù tó bá yá. Merahi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Àyà mi yìí ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé èyí wọ sàréè. Ohun tí mo sọ fún yín nípa ikú Màmá lógún ọdún sẹ́yìn, irọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé Màmá kúrò ní erékùṣù wa yìí wá bá mi ní Santiago fún ìtọ́jú, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó lajú, ilé ló ń bèèrè. Dókítà obìnrin yẹn, ọmọlúàbí èèyàn, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Kò ní pẹ́ mọ́. Ẹ gbé e lọ sílé. Ọ́síjìn tí mo máa fún un á tó o fún wákàtí mẹ́jọ." Ọ̀nà jìn lóòótọ́, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ kìlómítà, omi òkun lásán sì ni. Ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún ààbọ̀ náà ni, ta ni kò mọ̀ nílùú yìí? Ó ku ẹni tó máa bá a lọ. Merahi, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú yín, ẹ ò lè wọkọ̀. Èmi ló kù, èmi tí ẹ lé jáde nílé Màmá lójú gbogbo ẹbí, tí mo búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ Hanga Roa yìí mọ́ láyé. Ìbúra òmùgọ̀! Mo pè yín lórí fóònù, mo ní dókítà ò gbà kí Màmá wọkọ̀.

Màmá ò wá jẹ́ kí n sinmi. "Wákàtí mélòó ni, Kihi?" Ó bèèrè láàárọ̀. Mo ń bó ọsàn fún un, ó tún bèèrè. Ó sú mi! Mo ní, "Mẹ́wàá ni, Màmá. Ọ́síjìn yín ò lè gbé yín débẹ̀." Ó ní, "Merahi ní kò tó mẹ́fà." Gbogbo wa la ṣáà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn bó bá ń lọ sí Santiago, tó sì máa ń dojú kọ ọ́ bó bá ń padà sílé. Mo ní, "Wíwá síbí ni Merahi ń sọ. Lílọ ló máa ń pẹ́." Ó gbà mí gbọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Kò burú. Gbé mi wọkọ̀ náà. Bí mo bá kú lójú ọ̀nà, ṣebí ọ̀nà ilé ni."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sòótọ́. Olórí kunkun ni mí! Mo ní, "Bí ẹ bá kú sínú ọkọ̀, awakọ̀ á yí padà sí Santiago ni." Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan o, ẹnu mi ni mo ti mú un jáde. Màmá kọjú sí ògiri. Kò béèrè wákàtí mọ́. Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Èmi abúra yìí náà ló wá gbé òkú wálé. Àwọn ará wa kún inú ọkọ̀ pẹ̀lú kúlà ẹran tí wọ́n rà ní Santiago, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kéde pé afẹ́fẹ́ ò le, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa fi débẹ̀. Merahi, ẹ̀yin lẹ pàdé mi, ẹ fi òdòdó sí mi lọ́rùn bí àṣà wa, ẹ ń sunkún, ẹ ní, "Kihi, forí jì mí pé mo lé ọ. Dókítà burúkú yẹn! Kò ní rí ìyá rẹ̀ sin!" Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo ní, "Àmín, ẹ̀gbọ́n mi." Àmín!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá bi yín pé wákàtí mélòó ni, iye tó jẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Merahi, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún dókítà obìnrin yẹn mọ́. Ó ní ká gbé Màmá wálé.