Ìwé Mẹ́ta Tí Kò Kúrò Nínú Ilé-Ìkàwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí, mi ò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tí Àáfà Sálíù bi mí ní Sátidé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n rójú mọ́. Mò ń dìde, mò ń jókòó, oúnjẹ kò sì lọ.

Nígbà tí Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ọmọ ilé-ìwé girama ni mí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Soje, ní Minna níbẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, mo sì gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ. Bí mo bá kí àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìtìjú yẹn ló gbé mi dé ilé-ìkàwé kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìwé ìtàn Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò kún pẹpẹ kan, ṣùgbọ́n inú wọn ni mo ti kọ́ èdè ìyá mi.

Àáfà Sálíù, ará Ìlọrin, ló ń tọ́jú ìwé. Òun nìkan ni Yorùbá láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń yá ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin tíṣà kan wà tó máa ń ṣíwájú mi yá èyí tó wù mí, kì í sì í tètè dá a padà. Inú bí mi. Lọ́jọ́ kan, mo yọ mẹ́ta, mo tì wọ́n sẹ́yìn àwọn ìwé ìtọ́jú adìyẹ àti màlúù tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Mi ò jí wọn, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní kí wọ́n máa dúró dè mí ni.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá wá ka iye ìwé, mẹ́ta dín. Wọ́n ní ìwé Yorùbá ló sọnù, Yorùbá ló ń tọ́jú wọn, kí ni wọ́n tún ń wá kiri? Akọ̀wé kan níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n dárúkọ mi, àmọ́ Àáfà búra pé ọmọ tó fẹ́ràn ìwé tó báyẹn kò lè jí i. Ni wọ́n bá ní kí Àáfà lọ máa ṣọ́ géètì. Géètì yẹn ló ṣọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ọmọdé ni mí, ẹ̀rù bà mí. Mò ń gba ẹnu géètì kọjá, mò ń kí i, ó ń dá mi lóhùn. Nígbà tí mo fi máa ní ìgboyà láti lọ yọ wọ́n jáde, wọ́n ti kó gbogbo ìwé ohun ọ̀sìn lọ sí ọ́fíìsì mìíràn.

Barkin Sale, ní Minna kan náà, ni Àáfà ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà mo máa ń lọ kàwé fún un ní Sátidé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣàdúrà fún mi pé irú mi ṣọ̀wọ́n. Àdúrà yẹn ń gún mi lára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe pa ìwé dé, ó ní, "Tò, Ìyá Tóyìn, mo ti dárí ji ẹni tó kó ìwé mẹ́ta ọjọ́sí. Wàláhì, mi ò bínú mọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ bi í. Ṣé ó kà wọ́n?"

Mo ní mò ń sáré, mo kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́wọ́, yóò dárí jì mí. Ìbéèrè rẹ̀ ni mi ò mọ bí mo ṣe máa dáhùn. Ọ̀kan péré ni mo kà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò ṣí méjì yòókù rí. Mo kàn fi wọ́n pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà rí wọn kà ni.

Ọ̀la ni Sátidé. Kí ni kí n sọ fún un?