Ohùn Ẹsẹ̀ Àtẹ̀gùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ ń rán yẹn sílẹ̀ ná kẹ́ ẹ gbé fóònù sétí dáadáa kẹ́ ẹ gbọ́ mi, torí òkè kẹta ni mo wà, orúnkún mi ti gan, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, láti bíi wákàtí kan ni mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá arúgbó tí mo wá bẹ̀ wò, àwọn ni wọ́n tún wá ń fi aṣọ omi gbígbóná tẹ̀ mí lórúnkún! Èmi! Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìtọ́jú arúgbó!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, tí mo bá parí, kẹ́ ẹ wá rẹ́rìn-ín tó bá wù yín.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ní ọ́fíìsì láti èṣí. Àwọn yòókù á lọ bẹ àwọn arúgbó wò nílé, wọ́n á dé, wọ́n á tẹ ohun tí wọ́n rí sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, wọ́n á kó o sínú fáìlì, èmi ni màá wá ka fáìlì yẹn kí n sọ bóyá iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ṣé ẹ rántí ìdí tí wọ́n fi gbé mi síbẹ̀? Orúnkún yìí náà ni! Ẹni tí ò lè gun òkè mọ́, òun ni wọ́n ní kó máa dájọ́ àwọn tó ń gun òkè. Èmi náà gbà á tayọ̀tayọ̀, mo ra bírò pupa méjì, mo ra awò ojú tí mi ò nílò. Ojú ò dùn mí o, mo kàn fẹ́ máa wo èèyàn látorí ẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀gá wa fi mí ṣe. Obìnrin yẹn, kó tó gbé fáìlì fún mi, á gé ìwé pélébé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ arúgbó, á lẹ òmíì mọ́ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí n má baà ṣojúsàájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé ọ̀kan wá. Ìbẹ̀wò mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn: "Ìyá wà dáadáa. Kò sí ìyípadà." Ìyá wà dáadáa, kò sí ìyípadà, látìbẹ̀rẹ̀ dópin! Ìkẹwàá nìkan ló ní àfikún, ó ní ìyá ti rí nǹkan fi dárayá, wọ́n ń fi okùn sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n sì ń fà á gòkè.

Inú bí mi, mo búra. Mo fa bírò pupa yọ, mo kọ ọ́ gàdàgbà sétí ìwé pé, "Ṣé ojú lẹni tó kọ èyí fi rí ìyá yìí, àbí etí ló fi rí i?" Ó dùn mọ́ mi débi pé mo dìde lọ kà á fáwọn tó wà ní yàrá kejì. Nípàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tún kà á sókè. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ta ló rẹ́rìn-ín jù? Ẹ̀gbọ́n, èmi ni.

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó rọra fi èékánná ṣí ìwé pélébé yẹn, ó tì í síwájú mi.

Orúkọ ta lẹ rò pé ó wà lábẹ́ ẹ̀? Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń rẹ́rìn-ín lọ ni! Orúkọ tí bàbá wa sọ mí ni o, gbogbo ẹ̀ pátá, tòun ti ti àárín tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀.

Èmi ni mo kọ ọ́, kí wọ́n tó gbé mi kúrò nídìí ìbẹ̀wò. Kí n má sì parọ́ fún yín, etí náà ni mo fi rí ìyá. Orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tí mo bá dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn márùndínláàádọ́ta, màá gbójú sókè, màá ké pé, "Ìyá o! Ṣé ẹ wà?" Wọ́n á dáhùn lójú fèrèsé pé, "Mo wà o!" Màá ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ó tán. Àtìgbà tí mo sì ti kúrò, nítorí pé mo ti kọ ọ́ pé wọ́n wà dáadáa, ẹnikẹ́ni ò tún yà síbẹ̀. Kí lẹ pè mí? Ọ̀lẹ? Ẹ tún un pè, ó tọ́ sí mi.

Ẹ dúró, ìyà ò tíì tán. Òfin ọ́fíìsì ni pé ẹni tó kọ fáìlì gbọ́dọ̀ fèsì sí ìbéèrè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò á sì sọ bóyá èsì náà tẹ́ òun lọ́rùn. Mo ní ọ̀gá, ṣebí ẹnì kan náà ni? Ó ní òfin lòfin. Ni mo bá fi bírò dúdú kọ̀wé sí ara mi pé mo tọrọ àforíjì. Mo dìde, mo lọ jókòó sórí àga kejì, mo gbé awò mi sójú, mo kà á, mo fi bírò pupa kọ sí i pé èsì yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sì tẹ́ mi lọ́rùn lóòótọ́! Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó tún buwọ́ lùwé pé òun rí eérú náà gbà.

Ọ̀gá wá ní yàrá kan ti ṣófo nílé tá a fi ń gba àwọn arúgbó, yàrá ìsàlẹ̀, kò ní àtẹ̀gùn kankan. Agogo mẹ́rin òní ni wọ́n máa yan ẹni tó máa wọ ibẹ̀. Arúgbó tí ìwé bá ti ní ó wà dáadáa, wọn ò ní wo orúkọ ẹ̀ rárá. Ó ní kí n lọ fojú rí ìyá, kí n kọ òótọ́. Ó tún ní torí pé ojú mi ò ṣeé gbà gbọ́ mọ́, kí ẹlòmíì tó bá fojú rí wọn buwọ́ lù ú pẹ̀lú mi.

Mo gun àtẹ̀gùn yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sinmi. Mo kanlẹ̀kùn, ìyá ṣí i, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ohùn yẹn ni mo mọ̀. Ṣé ojú ẹ̀ rèé?"

Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Ìbàdí ò gbé wọn mọ́. Apẹ̀rẹ̀ tí mo ní wọ́n fi ń dárayá ńkọ́? Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń gbà! Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ló ń kó o sínú ẹ̀ fún wọn, èmi sì dúró níbẹ̀, mò ń wò ó, mo ní ìyá ń ṣeré. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi tí mo bá ké pè wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o bi mí bóyá mo wà, mo ní mo wà. O ò dúró bi mí bí mo ṣe wà." Mo sunkún, ẹ̀gbọ́n. Ojú tì mí gan-an.

Mo ti kọ ọ́ tán báyìí, ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n pa ibi tí mo ti ní wọ́n ń jìyà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ́, ta ló sọ fún mi pé àwọn dákẹ́ rí? Mo pa á rẹ́. Mo ní kí n dìde máa lọ, orúnkún ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ìyá ní kí n wọnú apẹ̀rẹ̀, àwọn á sọ mí kalẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì jàre!

Agogo méjì ti lù. Ẹ wá fojú rí ìyá, kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé yìí, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá ọ̀gá, ṣọ́ọ̀bù yín ò jìnnà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún: tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má dúró nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ máa ké pé ṣé mo wà. Mo wà! Ẹ máa gòkè bọ̀ ní tààrà.

Kí lẹ wí? Orúnkún wo? Ìgbà wo lorúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀yin náà? Ẹ̀gbọ́n, ẹ gòkè wá, jàre! Ìyá ti ń gbé omi míì kaná.