Ọ̀rọ̀ Tí Ìyàwó Délégé Wá Béèrè

Délégé, olórí àdúgbò wa ní Tokpota, gba ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé mi lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn, ó sì gbé e lọ sílé rẹ̀. Ó ti pé oṣù méjì. Ó ní òṣèlú ni mo ń fi í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, títí kan ibi tí èmi gan-an ti jẹ̀bi.

Ìwé àti bíìkì ìkọ̀wé ni mo ń tà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Èmi fúnra mi ò pẹ́ nílé-ìwé kí bàbá mi tó kú. Ìwé yẹn ló kọ́ mi ní Faransé tó kù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé e ní rédíò, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Bí mo bá ti wo ọ̀rọ̀ fún ẹnì kan, màá fi bíìkì ṣe àmì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kì í kọ orúkọ, n kì í sì í sọ ẹni tó béèrè. Àmì yẹn tó mi láti mọ ohun tí ìlú ń bẹ̀rù. Lásìkò ìbò, "parrainage" ni, ìbuwọ́lù tí olùdíje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí wọ́n ti ibodè, "embargo" ni, ìfòfinde ọjà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Sidikatu, ìyàwó kékeré Délégé, wá béèrè "déguerpissement". Ó ní iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ni. Mo ní ó túmọ̀ sí kí ìjọba lé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, ó lọ láìdágbére. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni rédíò tó sọ ọ́, ni aránṣọ, onísémìjàn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, ìyá alákàrà bá ń béèrè. Àmì di mẹ́sàn-án. Ṣé iṣẹ́ àṣetiléwá ni gbogbo wọn ń ṣe?

Mo gbé ìwé náà lọ sí ìpàdé àdúgbò, mo bi Délégé bóyá lẹ́tà ìjọba kan ti dé lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyá Oníwèé, ìwọ tí o kò ní sẹ́tífíkà, ìwọ lo fẹ́ túmọ̀ ìjọba fún wa? Rédíò lásán ni wọ́n gbọ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní, "Ìyàwó yín ti béèrè rẹ̀ kí rédíò tó sọ ọ́. Níbo ló ti rí i?"

Ẹyin lohùn. Sidikatu, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin, wo ilẹ̀. Délégé gba ìwé náà. Ní ọjọ́ kejì, ó dá obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀ ní Adjarra. Mo lọ bẹ Sidikatu níbẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo rò pé mo lè bi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìwé lọ. Èmi ni mo da àṣírí rẹ̀ síta nítorí ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi kò nu ti Délégé nù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì ilé tí wọn yóò wó sí ògiri wa, tèmi náà wà níbẹ̀. Délégé, ẹ máa lo ìwé mi. Ọjọ́ wo ni lẹ́tà ìjọba yẹn wọlé yín, kí ló sì dé tí ẹ fi í pamọ́ fún wa? Ẹ dá mi lóhùn.