Lẹ́tà Tí Mo Gé Kúrò Lára Fọ́tò Bíńgò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ kí n rí àyè jókòó tì yín. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú mi tí n kò lè gbé mì mọ́. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi mí jẹ ààrẹ. Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ló ń kí mi kú oríire, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín, màá ní "ẹ ṣé, ẹ ṣé o," ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ yàrá báyìí, ẹkún ni. Kí ló lè máa pa obìnrin tó fẹ́ jẹ ààrẹ lẹ́kún? Ẹni tó fa orúkọ mi kalẹ̀ fún ipò náà ni mo ṣẹ̀, n kò sì ṣẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà bí ẹ bá fẹ́ bú mi, mo gbà.

Dókítà ẹranko ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fọ́tò ẹ́síréè ni iṣẹ́ tèmi gan-an, èyí tó máa ń fi egungun inú ara hàn. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Wọ́n ń ya ewúrẹ́ ní fọ́tò? Ṣé ewúrẹ́ ń lọ sí ìlú òyìnbó ni?" A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Tí ẹ bá kó gbogbo wa jọ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, a ò lè kún bọ́ọ̀sì kan. Ìdí nìyẹn tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí á máa rí ara wa, kí ẹni tí fọ́tò kan bá rú lójú lè gbé e wá kí á jọ wò ó. Oṣù yìí a ó ṣe é ní Ọ̀yọ́, oṣù tó tẹ̀ lé e a ó ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Olórí wa nígbà náà ni Bàbá Dókítà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ló sì kọ́ mi níṣẹ́ láti ìgbà tí n kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín egungun tó ṣẹ́ àti èyí tó kàn là. Háà, Bàbá yìí! Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Oòrùn a máa mú ganrínganrín, súẹ́tà ni wọ́n máa wọ̀. Ẹ̀pà kì í wọ́n nínú àpò wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ wọn á rí jẹ. Tí wọ́n bá sì gbé ajá tó fara pa wá, Bàbá á tẹ̀ ba, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrora." Ajá ni wọ́n ń pè ní ẹ̀yin! Bí a bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni?"

Àṣà kan wà tí Bàbá fi lélẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Tí a bá fẹ́ ya fọ́tò, lẹ́tà kékeré kan wà tí wọ́n fi òjé ṣe, a máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹranko náà kí ó lè hàn lára fíìmù, ìyẹn ọ̀rá tí fọ́tò náà ń jáde sí, kí á fi mọ apá tó jẹ́ ọ̀tún àti èyí tó jẹ́ òsì. Fíìmù yìí mọ́ gaara bíi ọ̀rá omi. Ẹni tó bá yí i padà láìwo lẹ́tà, ọ̀tún á di òsì mọ́ ọn lójú. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé fíìmù wá sí ìpàdé gbọ́dọ̀ dìde dúró, kí ó fi ìka tẹ lẹ́tà náà, kí ó sì wí sókè pé, "Ọ̀tún rèé, òsì rèé." Gbogbo wa á dáhùn pé, "A rí i." Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ la ẹnu lórí fíìmù kí a tó ṣe èyí. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó kéré jù á kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, Bàbá ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ tí Kòrónà fi dé. Ẹ rántí ìgbà yẹn? Wọ́n ti ọ̀nà, wọ́n ti ọjà, wọ́n ní kí èèyàn má kóra jọ. Àwọn ẹranko kò kúkú gbọ́ ìkéde kankan, wọ́n ń dá lẹ́sẹ̀ lọ ní tiwọn. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo ní kí á ṣí gúrúùpù sórí fóònù, kí kálukú gbé fíìmù rẹ̀ dojú kọ fèrèsé, kí ó yà á, kí ó fi ránṣẹ́. Ẹ ẹ̀ bá rí mi! Orí mi wú. Àwọn tó ti pẹ́ tí wọn ò wá sípàdé mọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń yìn mí, mo sì ń gbádùn ìyìn. "Ọ̀tún rèé, òsì rèé" yẹn, mo ní kí á fi sílẹ̀ ná. Ta ló fẹ́ máa jókòó tẹ "a rí i" sórí fóònù, tí dátà ń jó? Mo ní kí á máa lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni Bàbá. Wọn ò mọ fóònù tẹ̀. Ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, ohùn náà kì í sì í kúrú. Wọ́n á kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bèèrè ìyàwó, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á gbàdúrà pé àrùn yìí kò ní mọ ilé wa, kí wọ́n tó dé orí egungun, ìṣẹ́jú mẹ́fà ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ni mo bá ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù mọ́. Mo ní kí Bàbá máa fi tiwọn ránṣẹ́ sí èmi nìkan, èmi á gbọ́ ọ, èmi á kọ kókó rẹ̀ fún àwọn yòókù. Bàbá ò jiyàn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé mi, ohun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ ṣe." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ yẹn ṣì ń dún létí mi.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá àgbẹ̀ kan gbé ajá rẹ̀ wá láti Ìkòyí-Ilé, nínú apẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀kadà. Bíńgò lorúkọ ajá náà. Ọkọ̀ tó kó gbágùúdá ló gbá a. Láti ìgbà tí ìyàwó bàbá yìí ti kú, òun àti Bíńgò ni wọ́n jọ ń lọ sóko, tí wọ́n jọ ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà méjèèjì wú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ya fọ́tò ìbàdí rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ mi nítòsí Ọjà Igbó, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Wálé, ọ̀kan nínú wa tó máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́hùn-ún. Èmi mú fíìmù lọ sílé, mo gbé e sí fèrèsé pálọ̀, mo yà á. Nígbà tí mo wo fọ́tò náà, ẹ gbà mí o! Okùn aṣọ mi hàn lẹ́yìn rẹ̀, yẹ̀rì àti pátá tí mo fọ̀ láàárọ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ajá. Ṣé ìyẹn ni kí n fi ránṣẹ́ sí gbogbo dókítà? Mo yára gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà dànù lórí fóònù, ó dùn ún wò, mo fi ránṣẹ́. N kò mọ̀ pé lẹ́tà bá a lọ. N kò sì mọ̀ pé ẹ̀yìn fíìmù ni mo kọ sí iwájú.

Ohùn Bàbá dé. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́. Mo fò ó dé àárín, mo gbọ́ tí wọ́n ní egungun itan ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ṣẹ́ lókè, níbi tó ti wọ ìbàdí. Mo ní ìyẹn ti tó, mo pa á. Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù pé, "Bàbá ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni." N kò gbọ́ ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, Wálé la ẹsẹ̀ ọ̀tún Bíńgò, ó bá egungun tó dá ṣáká. Ó rán ojú ibi tó là padà, ó sì ní láti la òsì. Ajá náà yè, ẹ bá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó di arọ, kò lè tẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ sóko mọ́ láéláé.

Wálé bínú. Ó kọ ọ́ sí gúrúùpù pé Bàbá ṣì wá lọ́nà. Àwọn kan ní ó ti tó àkókò kí Bàbá lọ sinmi, pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Mo padà sídìí ohùn Bàbá, mo gbọ́ ọ dé ìparí. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n akọ̀wé mi, n kò rí lẹ́tà lára fọ́tò yìí o. Sọ fún Wálé kó má fọwọ́ kan ajá yẹn títí tí wọ́n á fi gbé fíìmù gan-an wò." Mo mú fíìmù, mo wò ó. Lẹ́tà wà níbẹ̀ rekete, ní ẹ̀gbẹ́ tí mo gé dànù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá pè mí. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn bèèrè ni, "Akọ̀wé mi, lẹ́tà yẹn, ṣé ó wà lára fọ́tò tó o fi ránṣẹ́?" Ibi tí mo ti ba ayé mi jẹ́ nìyí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ronú pé wọn á ní gúrúùpù mi kò dáa, wọ́n á ní èmi ni mo sọ ẹsẹ̀ ajá di méjì tí wọ́n là. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà. Bóyá ẹ ò rí i ni." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mò ń wò ó báyìí. N kò rí i." Wọ́n ní, "Ó dáa. A jẹ́ pé ojú mi ni. Bá mi bẹ bàbá tó ni ajá." Ẹ gbọ́, wọ́n ń wo ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì gbà pé ojú àwọn ni kò rí i, nítorí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò wo fọ́tò mọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀kan hàn wọ́n, wọ́n á ní kó lọ bá àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n fi àpótí iná tí wọ́n fi ń wo fíìmù ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n máa lò ó. Èmi wá dá òfin sílẹ̀ wẹ́rẹ́ pé fọ́tò tí lẹ́tà kò bá hàn lára rẹ̀, a ò ní wò ó. Wọ́n tún yìn mí fún ìyẹn! Kòrónà lọ, àwa ṣì mú gúrúùpù dání, a sì tún ń pàdé lójúkojú, ẹgbẹ́ wa ń gbèrú. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fi mí jẹ ààrẹ nìyẹn, Bàbá ló sì kọ́kọ́ dárúkọ mi.

Nígbà tí mo gbọ́ pé Bàbá ni, n kò lè jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọkọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ohùn mi ni Bàbá fi mọ̀ mí. Àìsàn ojú ti ń bá wọn jà láti ọdún tó kọjá, òkùnkùn ló kù níbẹ̀ báyìí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, yẹ̀rì àti pátá, ẹ̀wà, irọ́, gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ láìjá mi lẹ́nu. Wọ́n wá bèèrè wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Kò sí lẹ́tà níbẹ̀?" Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, sà."

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fọwọ́ lu itan, wọ́n kígbe pe ìyàwó wọn, "Ìyá Bọ́sẹ̀, wá gbọ́ o! Ojú mi ríran nígbà yẹn! Ojú mi ò ṣe nǹkan kan!" Inú wọn dùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bímọ fún. Èmi ń sunkún lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà rọlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka nǹkan. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ojú yẹn fi wà níbẹ̀, tí n kò lò ó." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyàwó wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wọlé lọ.

Kí n tó kúrò, Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, àmọ́ kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí, àwọn ò fẹ́ kí ojú tì mí láwùjọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, mo ṣe ohun tí Bàbá fẹ́, ṣùgbọ́n títí ayé ni wọ́n á máa sọ pé ojú Bàbá ló ba ẹsẹ̀ ajá olóko jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, mo tún ṣàìgbọràn sí wọn, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti fi ojú wọn rí. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ má pẹ́. Bàbá ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ ní Sátidé, pé kí n fi àga wọn sí iwájú pátápátá, kí wọ́n lè gbọ́ mi dáadáa nígbà tí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀.