Ọbẹ̀ Ìyàwó Inú Tẹlifísọ̀n

Ràfíátù mọ̀ pé òun ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé Mẹ́kà, àfi kí òun tú u sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú máa gbé e, ó sì ti ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò Gbégamey, bí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ Hájì ṣe máa ń ṣe, ó ń kúnlẹ̀, ó ń wí pé, "Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí." Àwọn èèyàn a ní àwọn ti forí jì í, kó sáà bá àwọn ṣàdúà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ṣe. Ìdáríjì ọ̀fẹ́ yìí dùn mọ́ ọn, ó sì ń tì í lójú.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àdìzátù, àgbà tí wọ́n jọ ń gbé agbo ilé kan náà, ìyá ò jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán. "Mo ti forí jì ẹ́, ọmọ mi. Jókòó."

"Ìyá, ẹ má tíì forí jì mí. Ọ̀rọ̀ Nafissath ni."

Ojú ìyá yí padà. Nafissath ni ìyàwó Fadel, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá bí, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ìhà Malanville. Ọdún kejì rèé tí ìyá ti lé Nafissath padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Sèmè-Kpodji, toyúntoyún. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ìyá bàbá rẹ̀ ò sì tíì gbé e rí.

Ràfíátù ò gbójú sókè. "Ẹ rántí eré tẹlifísọ̀n tí gbogbo wa jọ máa ń wò lẹ́yìn oúnjẹ. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín, torí ẹ rò pé mo gbọ́ Faransé. Ìyá, ìdajì ni mo ń gbọ́. Orí ara mi ni mo fi ń dí ìyókù. Bí obìnrin kan bá sunkún, mà á ní ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ ìyàwó míì. Ẹ̀ ń gbádùn ẹ̀, ẹ̀ ń fún mi ní àga tó dáa. Nafissath wá dé, ẹni tó kàwé dé yunifásítì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá wa jókòó, mo túmọ̀ ibì kan, ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó ti mọ irọ́ mi. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo tún wá ń fura sí. Bó bá ti sún mọ́ yín, mà á ní ẹjọ́ mi ló ń rò. Ìkà ni mí, Ìyá."

"Kí lo wá ṣe?"

"Ìyàwó kan wà nínú eré yẹn tó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́ lójú yín. Bó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ní ẹ̀tàn ni. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, mo ní ẹni tó fẹ́ ra ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi Nafissath léèrè ẹni tó ń pè é, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti yàrá yín. Mo rí i, mi ò dáwọ́ dúró. Ó wá di ọjọ́ kan, ìyàwó inú eré tú nǹkan funfun láti inú bébà sínú ọbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ bi mí pé kí ni. Mo ní májèlé ni."

Ìyá ní kó máa wí lọ.

"Lọ́jọ́ kejì Nafissath gbé ọbẹ̀ wá fún yín. Ẹ dà á sílẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ó ń sunkún, ó ní, 'Màmá, kí ni mo ṣe?' Ẹ ní kó lọ bi ara rẹ̀. Èmi ni mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo tún kí i pé ó dàbọ̀."

Ràfíátù ń retí ìgbátí. Ìbéèrè ni ìyá bi í. "Ta ló rán ẹ? Fadel ni, àbí? Ó ti ń wá ọ̀nà tí ìyàwó rẹ̀ máa gbà padà. Mo ti gba ẹnu rẹ gbọ́ rí."

Bí Ràfíátù ṣe ń búra ni ojú ìyá ń le sí i. Ràfíátù fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ṣí eré náà. "Apá tí mo wí nìyí, Ìyá. Mi ò ní túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín."

Ìyá ronú títí, kò rí ẹni tó fọkàn tán. "Pe ìyàwó Fadel," ló wí nígbẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì ni Nafissath dé, ó pọn ọmọ. Ìyá ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó ṣì ń dán an wò. Ó kàn na fóònù náà sí i. "Kí ni obìnrin yẹn tú sínú ọbẹ̀?"

Nafissath wò ó tán. "Iyọ̀ ni, Màmá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ní ọbẹ̀ àná ò níyọ̀."

Ìyá fi ìborùn bojú, ó sunkún. Ó ní kí Nafissath jọ̀ọ́, kó tú ọ̀já. Ìgbà tí ọmọ ti wà lórí itan Ìyá Àdìzátù ni Ràfíátù kúnlẹ̀ síwájú Nafissath, ó tún jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀. Nafissath gbọ́ ọ dópin. Faransé ló fi dáhùn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kékeré.

Ìyá gbójú sókè, ó kọjú sí Ràfíátù. "Kí ló wí?"

Gbogbo rẹ̀ ni Ràfíátù gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mẹ́kà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, irọ́ kékeré kan ló sì máa yanjú rẹ̀.

"Ó ní òun ò tíì lè forí jì mí, Ìyá. Ó ní kí n lọ Mẹ́kà, kí n bọ̀, kí n tún wá bi òun."

Ìyá wo Nafissath.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí, Màmá."