Àdúgbò Kókó

Ní ìsọ̀ ẹran kan ní Oko Ọba ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí olùkọ́ yunifásítì kan ti ń ra ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ bàbá alápatà.

"Bàbá, ṣé torí kókó bíńtín yìí lẹ ṣe gé gbogbo èyí dànù?"

"Mọ̀dáàmù, èmi kì í gé kókó nìkan. Mo máa ń gé àdúgbò ẹ̀ mọ́ ọn."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àdúgbò ẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn! Jẹjẹrẹ ni mò ń kọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ mi, kókó nìkan ni wọ́n máa ń tẹjú mọ́."

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ń gé àdúgbò ẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe gbogbo ìgbà, èèyàn alààyè ni tiwa. Àwọn ọmọ ogun ara, tó máa ń bá àìsàn jà, wà ládùúgbò yẹn. Kókó ló kùn wọ́n lóorun. Oògùn wa ló ń jí wọn, káwọn fúnra wọn lè bá a jà."

Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Háà! Ẹ ò tiẹ̀ bá olè jà. Onílé lẹ jí!"

Ṣàkì ni mo wá rà, mo ti gbàgbé ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ rọra tún un sọ," olùkọ́ ń wá bírò nínú báàgì.