Mo Ní Kí Osaro Má Sọ Fún Dókítà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ọ̀rẹ́ mi pàdánù kíndìnrín tí ìyá rẹ̀ fún un, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìyá náà ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Télọ̀ ni mí. Ọmọ Ìlá ni mí, ṣùgbọ́n Ekenwan Road ní Benin níbí ni mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Nígbà tí kíndìnrín mi méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin fún mi ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàdé, àwọn tí wọ́n fún ní kíndìnrín bíi tèmi. Láràárọ̀ Sátidé la máa ń pé jọ sí gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Ugbor. A ó rìn, a ó sáré díẹ̀, a ó gbá tẹníìsì orí tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Nílé, ọkọ mi kì í jẹ́ kí n gbé korobá omi. Níbẹ̀, mo di ènìyàn padà.

Èmi àti Osaro, ọ̀kan nínú wọn, la jọ máa ń gbá a. Ọmọ Ẹ̀dó ni, kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Pijin la jọ ń sọ, àǹtí ló ń pè mí. Nígbà tí wọ́n kéde ìdíje fún àwa tí a pààrọ̀ kíndìnrín, láti ìlú oríṣiríṣi, wọ́n kọ orúkọ àwa méjèèjì pọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gba ipò kìíní rí nínú ohunkóhun.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìdíje náà wáyé, Osaro wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó gbóná.

"Àǹtí, ìtọ̀ mi náà ti dínkù," ó ní. "Ṣé kí n lọ rí dókítà?"

Mo mọ̀ pé kíndìnrín náà ni. Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé ká má fi ara gbígbóná sùn mọ́jú. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá rí i, kò ní gbá tẹníìsì, èmi náà kò sì ní gbá a.

Mo ní, "Ìdánrawò ló pọ̀ jù. Fara dà á títí di Sátidé. Tó bá di Mọ́ńdè, màá tẹ̀ lé ọ lọ."

Ó gbà mí gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, nọ́ọ̀sì bi wá bóyá ara ẹnikẹ́ni ń gbóná. Osaro wò mí. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní ara wa le.

A borí. Wọ́n fi mẹ́dàlì kọ́ wa lọ́rùn. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà wá, ojú Osaro ti wú.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló ṣubú. Dókítà ní ara rẹ̀ ti kọ kíndìnrín náà, pé ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, oògùn ì bá ká a. Ó padà sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. N kò sunkún. N kò tí ì sunkún di òní. Mo ń ránṣọ, mo ń lo oògùn mi, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é.

Osaro kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóṣù tó kọjá, mo jókòó ti màmá rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó ní kíndìnrín òun ló ti gbó, pé ohun tí kò dára lòun fún ọmọ òun. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúrà fún mi pé n kò fi ọmọ òun sílẹ̀.

Mo sọ fún Osaro pé mo fẹ́ jẹ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ má sọ ọ́," ó ní. "Tí Màmá bá gbọ́ pé èmi náà mọ̀ pé ara mi ò yá, tí mo fi pamọ́ fún un, ṣé ìyẹn ò ní dùn ún ju èyí lọ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Tí mo bá dákẹ́, ìyá yìí yóò gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sí sàréè. Tí mo bá sọ̀rọ̀, màá di díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà ru ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Gbogbo Sọ́ńdè ni ìyá náà ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún Osaro, ó sì máa ń bu tèmi ránṣẹ́. Mo sì ń jẹ ẹ́.